Ta Ni Ó Yẹ Kí A Náwó Lé Lórí? Ọ̀rọ̀ Philadelphia Eagles àti Ọjà Oṣù Kẹta

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi gbogbo, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ owó tí Philadelphia Eagles, ẹgbẹ́ kan nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ná àti èyí tí wọn kò ná ní oṣù Kẹta ọdún 2025 kò tètè tán lẹ́nu àwọn alátìlẹ́yìn wọn. Mo fẹ́ sọ tèmi láìfi epo bọ iyọ̀: nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ojú ìjà ni kí owó kọ́kọ́ lọ, èyíinì ni àwọn òmìrán tí ń dínà fún ẹgbẹ́ wọn àti àwọn òmìrán tí ń ya lu quarterback ẹlòmíràn, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kù, kí a wá fi èyí tó kù ra olórúkọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, àwọn tí kò sì gbà fún mi wà nínú gbọ̀ngàn yìí; mo rí i pé wọ́n tètè dé kí wọ́n lè rí àyè níwájú.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ ń wò. Níbẹ̀, kíláàbù ní ń san owó fún kíláàbù kí ó tó gba agbábọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Chelsea san nǹkan bíi mílíọ̀nù 107 pọ́ùn fún Benfica lórí Enzo Fernández nìkan ṣoṣo, wọ́n sì parí ìdíje ọdún náà ní ipò kejìlá. (Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o.) Ní NFL, agbábọ́ọ̀lù tí ó ti lo ọdún mẹ́rin ó kéré tán, tí àdéhùn rẹ̀ sì ti parí, ti di olómìnira, ibi tí ó bá wù ú ni yóò lọ, ẹni tí ó gbà á kò sì ní san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó fi sílẹ̀. Oṣù Kẹta ni ọjà yìí máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n líìgì ti fi gbèdéke lé iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún. Mílíọ̀nù 34.6 dọ́là ni gbèdéke náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ó ti di mílíọ̀nù 255.4 ní 2024, ó sì gùn dé mílíọ̀nù 279.2 ní 2025. Iye kan náà ni fún gbogbo ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ olówó tabua ni ó ni ín.

Ìdí nìyẹn tí ìjà àwọn alátìlẹ́yìn níbẹ̀ fi ní ìtumọ̀ ju èyí tí à ń jà lórí Arsenal àti Chelsea lọ. Alátìlẹ́yìn Arsenal lè bínú pé ẹni tí ó ni kíláàbù ń fọwọ́ lẹ́rán, pé ó ní owó ṣùgbọ́n kò fẹ́ ná an. Ẹni tó ń ṣe Eagles kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ etí. Owó tí a bá fún Lágbájá, ara ti Tàmẹ̀dù ni a ti yọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pariwo pé kí wọ́n ra olórúkọ kan gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ẹni tí wọn yóò jẹ́ kí ó lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń pe rédíò kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará Philadelphia ti mọ ìrora ọjà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1993 tí òmìnira yìí kọ́kọ́ wáyé, ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lé kiri ni Reggie White, Eagles ni ó sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Green Bay fún un ní mílíọ̀nù 17 dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kìíní ọdún 1997, Green Bay gba ife Super Bowl, àṣekágbá NFL, White sì gbé quarterback New England ṣánlẹ̀ nígbà mẹ́ta nínú ìdíje náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí White ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ojú ìjà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sí 2011. Ní ọdún yẹn, awuyewuye láàárín àwọn olówó ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù sún ọjà náà di oṣù Keje. Bí ọjà ṣe ṣí ni Eagles ya wọ inú rẹ̀. Wọ́n gbé Nnamdi Asomugha, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adẹ̀yìnmú tí a ń bẹ̀rù jù lọ nígbà náà, ní mílíọ̀nù 60 dọ́là fún ọdún márùn-ún. Wọ́n ra àwọn mìíràn pẹ̀lú, títí tí Vince Young, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fi pè wọ́n ní ẹgbẹ́ tí a máa ń lá lálàá. Ìdíje mẹ́jọ ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù mẹ́jọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, wọ́n tú Asomugha sílẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn ọdún yẹn kì í rántí sọ ni pé ẹni tí ó jèrè owó rẹ̀ jù lọ nínú gbogbo àwọn tí wọ́n rà ni Jason Babin, tí ó gbé quarterback ṣánlẹ̀ nígbà 18. Ipò Babin ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún kan náà, olùkọ́ni tí ń kọ́ àwọn adínà, Juan Castillo, ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀ tí wọ́n sọ di ọ̀gá gbogbo àwọn adẹ̀yìnmú. Èmi kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

Ọdún 2015 ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn alátakò mi kì í fẹ́ dé. DeMarco Murray ti gbé bọ́ọ̀lù sáré 1,845 yáàdì fún Dallas ní 2014, ẹnikẹ́ni kò sáré tó o lọ́dún náà, ìgbà 392 ni wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Eagles fún un ní mílíọ̀nù 40 dọ́là fún ọdún márùn-ún. Ìlú dùn, wọ́n ta ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni ń ta búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, àwọn méjì tí ń dínà ní àárín, Evan Mathis àti Todd Herremans, ni ẹgbẹ́ náà tú sílẹ̀. Murray wá ń gba bọ́ọ̀lù, ó gbójú sókè, ògiri ni ó rí. Yáàdì 702 ni ó rí sá ní gbogbo ọdún, nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2016 sì dé, wọ́n ti gbé e fún Tennessee. Mathis ní tirẹ̀ kọrí sí Denver, ó sì gba ife Super Bowl pẹ̀lú wọn nínú oṣù Kejì ọdún 2016. Mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá ń bá mi jiyàn dáhùn èyí kí ó tó sọ̀rọ̀ Saquon Barkley, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà, Barkley ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Barkley. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Giants, ẹgbẹ́ New York tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kọ̀ láti san iye tí ó ń fẹ́, Eagles sì fún un ní mílíọ̀nù 37.75 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Ẹ rántí fídíò tí ó jáde lẹ́yìn náà, níbi tí John Mara, ọ̀kan nínú àwọn tó ni Giants, ti ń sọ fún máníjà rẹ̀ pé oorun kò ní kun òun bí ọmọ náà bá lọ sí Philadelphia. Barkley sáré 2,005 yáàdì, Eagles gba ife, gbogbo ènìyàn sì dojú kọ mí: “Olùkọ́, ẹ kò rí i? Wọ́n ra olórúkọ, ó sì so èso.”

Ó so èso, mo gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ta ni ó ń sáré? Lane Johnson ti wà níbẹ̀ láti 2013. Jordan Mailata jẹ́ ọmọ Australia tí rọ́gíbì ni iṣẹ́ rẹ̀, tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí nígbà tí wọ́n mú un ní ìpele keje draft ọdún 2018 (draft ni ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù). Wọ́n mú Landon Dickerson ní 2021, wọ́n mú Cam Jurgens ní 2022. Mekhi Becton, ẹni karùn-ún, ni wọ́n rà ní ọjà ní owó pọ́ọ́kú fún ọdún kan, lẹ́yìn tí nǹkan kò bọ́ sí i fún un ní Jets. Jeff Stoutland, olùkọ́ àwọn adínà nígbà náà, gbé e kúrò ní ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, ó sì di ènìyàn. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún yìí ni wọ́n ti wà nílẹ̀ kí a tó gbé ẹni tí ń sáré dé. Ilé ti ní òrùlé kí wọ́n tó ra àga aláràbarà sínú rẹ̀. Ní 2015, òrùlé ni wọ́n tà kí wọ́n lè ra àga.

Ẹ sì wo ọjọ́ Super Bowl gan-an, ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2025 ní New Orleans. Kansas City, tí Eagles bá pàdé, pinnu pé Barkley kò ní sáré, kò sì sáré: ìgbà 25 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un, yáàdì 57 péré ni ó rí. Ní ọjọ́ tí olórúkọ kò rí ọ̀nà, kí ló ṣẹlẹ̀? Eagles ti fi 24 sí òdo lé wọn níwájú kí wọ́n tó lọ sinmi, àbájáde rẹ̀ sì jẹ́ 40 sí 22. Wọ́n gbé Patrick Mahomes, quarterback Kansas City, ṣánlẹ̀ nígbà mẹ́fà láìjẹ́ pé wọ́n yọ ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́yìn láti wá ran àwọn mẹ́rin iwájú lọ́wọ́. Josh Sweat ní méjì àti ààbọ̀ nínú rẹ̀, Milton Williams ní méjì. Zack Baun, tí ó gba bọ́ọ̀lù mọ́ Mahomes lọ́wọ́, mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n fi rà á fún ọdún kan ní oṣù Kẹta kan náà tí wọ́n ra Barkley. Ìwọ̀nba ni àwọn tó dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ti fẹ́ bọ́ sórí Patriots, ẹgbẹ́ New England, ti 2021 nígbà tí arábìnrin kan ní ọwọ́ ẹ̀yìn dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ojú ìjà bá ni ohun gbogbo gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, kí ló dé tí àwọn Eagles yín fi jẹ́ kí Williams àti Sweat lọ, nígbà tí ife kò tíì ju oṣù kan lọ lọ́wọ́ wọn? Wọ́n sì fi mílíọ̀nù 41.2 dọ́là kún ti Barkley nínú oṣù kan náà.” Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí pé ìbéèrè yìí dára ju ìyókù ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ lọ, mo sì pa ìwé mi dé.

Màámi, ẹ ṣeun. New England fún Williams ní mílíọ̀nù 104 fún ọdún mẹ́rin, Arizona fún Sweat ní mílíọ̀nù 76.4 fún ọdún mẹ́rin. Láti dá yín lóhùn dáadáa, mo ní láti ṣàlàyé bí owó yìí ṣe ń rìn. Òótọ́ ni pé gbèdéke wà, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ẹgbẹ́ bá fún ènìyàn ní mílíọ̀nù 20 ní ọjọ́ tí ó tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n lè pín in sí ọdún márùn-ún nínú ìṣirò, kí ó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin mẹ́rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo owó náà ti wọ àpò ọmọ náà. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, mílíọ̀nù 12 tó kù yóò ṣubú lé wọn lórí. Howie Roseman, máníjà Eagles, mọ ọ̀nà yìí bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀, ó sì ti jìyà rẹ̀ rí: nígbà tí ó gbé Carson Wentz, quarterback wọn, fún Indianapolis ní 2021, mílíọ̀nù 33.8 dọ́là ni ó jókòó sórí ìṣirò wọn fún ẹni tí kò sí nílé mọ́. Ti Denver lórí Russell Wilson burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílíọ̀nù 85 láàárín ọdún méjì.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú Roseman ju kí a kàn fẹ́ràn ojú ìjà lọ. Ṣé àwọn ọ̀dọ́ tí owó wọn kò tíì pọ̀ wà tí wọ́n lè rọ́pò? Sweat fúnra rẹ̀, ìpele kẹrin draft ni ó ti wá. Williams, ìpele kẹta. Jalen Carter, Jordan Davis àti Nolan Smith, tí wọ́n mú ní ìpele kìíní, ṣì wà nílé nígbà náà. Moro Ojomo, tí a bí ní Nàìjíríà, tí wọ́n mú ní ipò 249 ní 2023, ń dúró de àyè Williams lóṣù Kẹta náà. Wọ́n tún gba Azeez Ojulari lọ́wọ́ Giants fún ọdún kan ní owó táṣẹ́rẹ́, orúkọ tí àwọn asọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Amẹ́ríkà ń bá jìjàkadì, tí kò sì ṣòro pè fún àwa. Líìgì fúnra rẹ̀ a sì máa fún ẹgbẹ́ tí ó pàdánù ju iye tí ó rà lọ ní àfikún àyè nínú draft ọdún tó ń bọ̀, láti ìpele kẹta sí ìkeje. Ẹni tó bá ń wo èyí yóò rí i pé ojú ìjà ni wọ́n ṣì ń náwó lé, àmọ́ draft ni wọ́n fi ń ná an, kì í ṣe ọjà.

Àkókò ti ń lọ. Ti Patriots 2021, kí n kàn sọ ọ́ ní ṣókí: wọ́n ná owó bí ẹni tí kò ní rí ọ̀la, lórí Jonnu Smith, Hunter Henry, Matthew Judon àti Nelson Agholor, ọmọ tí a bí ní Èkó tí ó ti gba ife pẹ̀lú Eagles, wọ́n borí mẹ́wàá, Buffalo sì nà wọ́n 47 sí 17 nígbà tí ó di ìpele àṣekágbá, ìpele tí ẹni tí a bá nà ń lọ ilé. Lójú tèmi, Judon, tí ń ya lu quarterback, ni ó jèrè owó rẹ̀ jù lọ.

Alága ní kí n dáhùn ìkan yòókù tààrà: bí ó bá jẹ́ èmi ni Roseman ní oṣù Kẹta ọdún 2025, kí ni ǹ bá ṣe? Ǹ bá jẹ́ kí Williams máa lọ ní iye yẹn, nítorí Ojomo. Ti Baun, mílíọ̀nù 51 fún ọdún mẹ́ta, ǹ bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n Barkley ti pé ọmọ ọdún 28, wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ nígbà 345 nínú ìdíje 2024 kí ìpele àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì sì ṣì kù lórí àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀. Ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n ní kó dúró di oṣù Kẹta 2026, kí n sì fi owó ọdún yẹn bẹ Sweat.