Ta Ló Ni Iléèwé Àwọn Fadá?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi àpérò àwọn òbí àti olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà, ṣùgbọ́n n kò yọ àwàdà inú rẹ̀, n kò sì fi kún ibi tí àsìkò ti há mọ́ mi.

Ẹ̀yin Fadá, ẹ̀yin Sísítà, ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ, mo kí yín o. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí “ìgbé ayé àjọṣe nínú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì lóde òní.” Àkọlé yẹn wuyì, àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbé káàkiri: ta ló ni iléèwé náà?

Ẹ bi àwọn ọmọ, wọ́n á ní Fadá ló ni ín. Ẹ bi àwọn òbí, wọ́n á ní Fadá ni, tàbí àwọn Sísítà. Ẹ bi Fadá fúnra rẹ̀, á ní Bíṣọ́ọ̀bù ni. N kò tíì rí òbí kan tó wò mí lójú, tó ní, “Àwa la ni ín.” Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Kí àlùfáà kankan tó fìdí kalẹ̀ l'Ékòó, Pa Antonio, ẹni tó ti ṣẹrú rí kó tó gba òmìnira, tó sì ti Brazil dé, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Fadá Borghero ti SMA, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà míṣọ́nnárì, wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1863. Ọdún 1868 ni àlùfáà tó máa bá wọn gbé tó dé. Ìjọ ti wà nílẹ̀ kí Fadá tó dé bá a! Nígbà tí ìjọ wọ àwọn ìlú kéékèèké, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí níbi púpọ̀: katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe àlùfáà, á kọ́kọ́ dé, àwọn ará ìjọ á po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì wá láti ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni lọ́jọ́ Àìkú, iléèwé ni lọ́jọ́ Ajé, ilé kan náà ni. Bàbá tó fi orí ara rẹ̀ ru òpó ilé yẹn kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ta ló ni ín.

Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn iléèwé ìjọ wà lára àwọn tó gba èrò ọmọ yẹn wọlé. Ìjọba ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, ìjọ ń bójú tó wọn, òbí sì mọ ibi tó ti máa dìde sọ̀rọ̀.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú yẹn, mo ti rí i tẹ́ ẹ ń mi orí. Ẹ fẹ́ sọ pé ìjọba ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nígbà tó gba iléèwé lọ́wọ́ ìjọ láàrin 1970 sí 1979. Kò sí ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí n kì í ti í gbọ́ orin yìí. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sunkún sí i, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ. N kò ní kí ìjọba má jẹ̀bi. Ní 1980, ìjọba Gómìnà Jákàńdè tún kọ̀wé pé kò gbọdọ̀ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni l'Ékòó mọ́, ni Okogie, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà nígbà náà, bá gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹjọ́ yẹn ṣe parí: ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá iléèwé sílẹ̀ wà lára ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ká má sì purọ́ mọ́ Jákàńdè, ọkùnrin náà ń wá bí àwọn ọmọ tó ń lọ láàárọ̀ àti àwọn tó ń lọ lọ́sàn-án ṣe máa lọ pa pọ̀. Ó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí àwa ò kọ́.

Ṣùgbọ́n ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá iléèwé padà fún àwọn ìjọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lè máa mú ọmọ tirẹ̀ wá sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ṣé ìjọba náà ṣì ni? Nígbà tí iléèwé padà dé ọwọ́ wa, kí la ṣe? A kun ògiri. A yí yunifọ́ọ̀mù padà. A gbé owó lé e. A wọ aṣọ oyè yunifásítì fún ọmọ ọdún márùn-ún tí kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀, a ní ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. (Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀yin lẹ sanwó fọ́tò.) A sọ òbí di oníbàárà. Oníbàárà kì í sì í ru òpó: tí ọjà ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mú owó rẹ̀, á kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa, torí àwọn kan máa ń ní èrò ìṣèlú ni mo ń kó wọ inú ìjọ. Òfin Ìjọ tí wọ́n gbé jáde ní 1983 ni, ẹ ṣí i sí òfin 796. Ó ní iléèwé jẹ́ olórí ìrànlọ́wọ́ fún òbí láti ṣe ojúṣe wọn lórí ẹ̀kọ́ ọmọ. Òbí ló ni iṣẹ́, iléèwé ń bá a gbé e ni. Abala kejì òfin náà tún pàṣẹ pé kí àwọn olùkọ́ máa fi tinútinú gbọ́ ọ̀rọ̀ òbí, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé òbí sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí nǹkan ńlá. Ìpàdé Àpapọ̀ Vatican Kejì, ti àwọn Bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, ti sọ ní 1965 pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, kó gba Róòmù lọ.

Ẹ wá wo ìpàdé òbí wa bó ṣe máa ń rí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé ọmọ, ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ta ló máa wá lágogo mẹ́wàá? Ìyá tó ń ta aṣọ ò lè wá, bàbá tó ń wa ọkọ̀ ò lè wá. Àwọn mélòó kan tó wá jókòó sórí àga ọmọ pírámárì kìíní, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Wọ́n ṣe “Mo kí ọ Màríà.” Alága sọ̀rọ̀. Fadá dé, wọ́n dìde, Fadá sọ̀rọ̀, Fadá ní ìsìnkú kan ń dúró de òun, Fadá lọ. Akápò wá ka owó: owó ẹ̀rọ amúnáwá, owó ayẹyẹ ọjọ́ ẹni mímọ́ wa, àti orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, ketekete, níṣojú ẹlẹ́gbẹ́ wọn. Ìyá kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ òun fi ń bọ̀ wálé láìjẹ oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ mú un dé abẹ́ ‘ọ̀rọ̀ mìíràn.’” Nígbà tí wọ́n fi dé abẹ́ “ọ̀rọ̀ mìíràn,” àdúrà ìparí ló kù.

Ìyá yẹn ò ní wá mọ́. Kò sì sí ìjọba kankan tó lé e.

Alága ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Mo ní ojú-ewé mẹ́rin lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sáré. Owó oṣù tíṣà: òfin 806 ní ẹ̀kọ́ wa kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ti àwọn iléèwé yòókù ládùúgbò, ẹ sì mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí ọpọlọ tíṣà ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó wà lọ́dọ̀ wa: òbí ni àwọn òbí wọn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀. Gbígba Ara Olúwa: láti 1910 ni Póòpù Pius Kẹwàá ti ní ọmọ bí ọdún méje lè gbà á, òbí ló sì ni ẹrù ìmúrasílẹ̀ yẹn, ẹ yéé dì í lé tíṣà lórí. Ó tán.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èrò béèrè ọ̀rọ̀, obìnrin kan dìde. Kò kí mi kú iṣẹ́. Ó ní, “Bàbá, ìpàdé lẹ̀ ń sọ. Papiri ńkọ́?”

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ: oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ iléèwé Kátólíìkì St. Mary's ní Papiri, Ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ lọ. Àwọn ọmọ kan sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn kò rí òmìnira títí di oṣù kejìlá.

Mo sọ fún un pé ìpàdé òbí kì í dá ìbọn dúró. Ààbò ẹ̀mí ọmọ, iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà dá ìjọba láre. Bàbá kan pàtẹ́wọ́. Mo ní kó dúró ná. Iléèwé tí ọmọ ń sùn sí ni ti Papiri, ọ̀nà sì jìn síbẹ̀. Tiwa wà láàrin ìgboro, ọmọ ń lọ sílé lọ́sàn-án. Mo wá bi hẹ́dímísítírẹ́ẹ̀sì níṣojú gbogbo wọn: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lágogo méjì òní, ṣé nọ́ńbà fóònù gbogbo òbí wà lọ́wọ́ yín, èyí tó ń lọ? Ó ní èyí tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí ọmọ wọlé ló wà níbẹ̀. Mo bi àwọn òbí: ta ló ti yí nọ́ńbà padà látìgbà yẹn? Ẹ bá rí ọwọ́! Mo tún bi í: tí ẹnì kan bá dé ẹnu géètì tó ní òun ni àbúrò ìyá Táyé, ta ló mọ̀ ọ́n? Mágùádì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Obìnrin tó ń ta bisikíìtì lẹ́nu géètì ló mọ ojú gbogbo ẹni tó ń wá mú ọmọ, a ò sì pè é sí ìpàdé kankan rí.

Láti ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n yíjú sí ara wọn. Tíṣà kan ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní òbí méjì tó máa mọ nọ́ńbà àwọn yòókù. Ẹnì kan ní kí ìpàdé tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà kejì. Ẹlòmíràn ní àwọn Mùsùlùmí ńkọ́, wọ́n bá fi sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Hẹ́dímísítírẹ́ẹ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: àkọ́kọ́, nọ́ńbà fóònù, èkejì, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ọmọ lọ, ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Akápò béèrè bóyá owó ẹgbẹ́ ti bọ́ nínú ètò nìyẹn. Wọ́n ní kó fi sí abẹ́ “ọ̀rọ̀ mìíràn.”