Ìbò Ọgọ́rùn-ún, Èwo Ni Ti Ọmọ Adétòkunbọ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin olùgbọ́ mi níbikíbi tí ẹ bá wà. Abẹ́òkúta ni mo wà bí mo ṣe ń gba ohùn yìí sílẹ̀, nílé ìyá mi ní Ìtòkú, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ti pa jẹnẹrétọ̀ wọn tán tí n kò sì gbọ́ ohùn mìíràn ju ti àkùkọ lọ. Àwọn tó ti ń bá ètò yìí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé Houston ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, àti pé mo máa ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti pẹ́ nínú mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tí ìyá mi bi mí lánàá ni kò jẹ́ kí n lè sùn mọ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní báskẹ́ẹ̀tì, àti àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí ìdíje NBA ní Amẹ́ríkà máa ń pín nígbà tí sáà bá parí. Ó ń dùn mí gan-an pé ẹni tó bá ń ṣe dáadáa lọ́dọọdún láìyẹsẹ̀ ni ó máa ń tètè sú àwọn tó ń dìbò.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá mi jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ìko di aṣọ funfun fún àdìrẹ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, èmi náà jókòó tì í, mo ń ka èsì ìbò ọdún 2025 lórí fóònù mi. Ó bi mí pé kí ni mo ń kà tí ojú mi fi le tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan wà tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Adétòkunbọ̀, pé ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n bí i sí, àti pé bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe lè fi lẹ́tà tiwọn kọ orúkọ náà ni ó fi di Antetokounmpo, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Giannis Antetokounmpo lónìí.

Ìyá mi dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ọmọ Yorùbá ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Ó kiri ọjà lójú títì nígbà tó wà lọ́mọdé, kó tó di pé wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2013."

Mo wá ṣàlàyé fún un pé wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní MVP, ní ọdún 2019 àti 2020, àti pé láti ìgbà náà wọn kò fún un mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ eré náà gbá ju ti ìgbà yẹn lọ. Ìyá mi ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Àwọn tó ń dìbò yẹn, Àjàní, ṣé gbogbo eré rẹ̀ ni wọ́n ń wò?"

Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú ìdíje náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ìgbà 82 kí ìdíje àwọn tó yege tó bẹ̀rẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ eré 1,230 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọgọ́rùn-ún akọ̀ròyìn ni wọ́n ń yàn láti dìbò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á kọ orúkọ márùn-ún; ẹni tó bá wà ní ipò kìíní yóò gba máàkì 10, èkejì 7, ẹ̀kẹta 5, ẹ̀kẹrin 3, ẹ̀karùn-ún 1. Kò sí ẹ̀dá alààyè tó lè wo eré 1,230 tán, àwọn kan nínú àwọn akọ̀ròyìn wọ̀nyí sì wà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ wọn so wọ́n mọ́. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu ara wọn ni wọ́n fi ń dí àlàfo ohun tí ojú wọn kò rí. Ohun tí mo fi dá ìyá mi lóhùn nìyẹn, kò sì dà bí ẹni pé ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ Adétòkunbọ̀ ṣe gan-an. Ní ọdún 2020, ó gba MVP, ó sì tún gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ìdènà jù lọ ní sáà kan náà. Michael Jordan ní 1988 àti Hakeem Olajuwon ní 1994 nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Láti 2021 títí dé 2025, ipò kẹrin, ìkẹta, ìkẹta, ìkẹrin, ìkẹta ni ó ń wà nínú ìbò MVP. Ní sáà 2023 sí 2024, ó ń gba póìntì 30.4 wọlé nínú eré kan, tí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tó bá sì jù, ó lé ní 60 tó ń wọ inú àwọ̀n. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn NBA tó fi irú ìjáfáfá bẹ́ẹ̀ gba póìntì 30. Ipò kẹrin ni wọ́n fi í sí. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe ohun kan náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀ ni ó ṣe lẹ́ẹ̀mejì léra, ó sì tún kùnà.

Èsì tí wọ́n máa ń fún wa ni pé ẹgbẹ́ rẹ̀, Milwaukee Bucks, kò borí tó. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù lọ. Ní Ìtòkú níbí, tí oníbàárà bá fẹ́ ra àdìrẹ ní ọ̀pá-ọ̀pá, ọ̀pá tí a fi wọ̀n ọ́n fún ẹni àkọ́kọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n fún ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó bá ń gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú ní ọ̀sán tó sì ń mú un gùn ní ìrọ̀lẹ́ kò ní pẹ́ tí ọjà yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní 2025, ẹgbẹ́ Giannis borí nínú eré 48, ó pàdánù 34. Ní 2022, ẹgbẹ́ Denver borí nínú 48, ó pàdánù 34, Nikola Jokic tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn sì gba MVP ní ọdún náà. Ní 2017, ẹgbẹ́ Russell Westbrook borí nínú 47 péré, wọ́n sì fún un. N kò sọ pé Jokic kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti wo eré rẹ̀ tó láti mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí mo ń béèrè ni ìdí tí ọ̀pá náà fi ń gùn tí ó ń kúrú ní ìbámu pẹ̀lú ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀.

Àwọn akọ̀ròyìn fúnra wọn jẹ́wọ́ pé ó máa ń rẹ olùdìbò láti kọ orúkọ kan náà lọ́dọọdún. Ní 1997, Michael Jordan àti ẹgbẹ́ Chicago borí nínú eré 69, òun ló sì gba póìntì wọlé jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà, ṣùgbọ́n ó ti gba MVP lẹ́ẹ̀mẹrin ṣáájú, wọ́n sì gbé e fún Karl Malone tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú 64. Ẹgbẹ́ Jordan náà ló tún na ẹgbẹ́ Malone nínú àṣekágbá ọdún yẹn. Ẹ má sì rò pé ọ̀ràn náà yóò tán tí a bá gba ìbò lọ́wọ́ akọ̀ròyìn tí a gbé e fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń dìbò títí di 1980, àwọn náà ló sì fi Wilt Chamberlain sílẹ̀ ní 1962, lọ́dún tó gba póìntì 50.4 wọlé nínú eré kọ̀ọ̀kan. Bill Russell ni wọ́n mú.

Ẹni tó bá ń gbé Houston kò lè sọ̀rọ̀ yìí kó má dárúkọ Hakeem Olajuwon, tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Houston. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963, sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti aláfọwọ́gbá ni ó sì kọ́kọ́ ń gbá kó tó fọwọ́ kan báskẹ́ẹ̀tì. Títí di òní, kò sí ẹni tó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù àwọn alátakò dànù tó o nínú NBA: ìgbà 3,830. Ní 1993, ó gba póìntì 26.1 nínú eré kan, ó gba bọ́ọ̀lù tó ta padà ní ìgbà 13, wọ́n sì gbà pé òun ló mọ ìdènà jù, síbẹ̀ Charles Barkley ni wọ́n fún ní MVP. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó fún un, ẹyọ kan náà sì ni èyí tó gbà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ní 1995, David Robinson ni wọ́n mú, ẹgbẹ́ Robinson sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọlá nítorí pé àwọn ló borí jù lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì wá pàdé ara wọn nínú ìdíje àwọn tó yege, wọ́n gbé ife MVP náà fún Robinson lójú Hakeem kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀, Hakeem sì gba póìntì 41 wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà tí a jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Houston ṣì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà 34 ni Hakeem wọ̀ lẹ́yìn, nọ́ńbà 34 náà ni Giannis ń wọ̀, mi ò sì lè rí ọ̀kan kí n má rántí èkejì.

Ti ìdènà tilẹ̀ burú jù, nítorí ẹni tó ń dènà kì í ní póìntì tí ẹnikẹ́ni lè kà. Bam Adebayo ti ẹgbẹ́ Miami, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lè dúró níwájú ẹni gíga jù àti ẹni tó yára jù nínú eré kan náà. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, láti 2020 sí 2023, nígbà tí wọ́n bá ń to àwọn adènà tó dára jù ní sáà sí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, inú ẹgbẹ́ adènà kejì ni wọ́n ń fi í sí, ìgbà tó di 2024 ni wọ́n tó gbé e sí ti àkọ́kọ́, wọn kò sì tíì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ adènà títí di 2025. Tim Duncan wọ inú ẹgbẹ́ adènà nígbà 15, kò sì gba àmì-ẹ̀yẹ náà rí láyé rẹ̀. Ní 2013, àwọn akọ̀ròyìn sọ pé Marc Gasol ni adènà tó dára jù lọ, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń dìbò tiwọn lọ́tọ̀ nígbà náà sì fi í sí ẹgbẹ́ adènà kejì. Ọkùnrin kan náà, sáà kan náà.

Mo mọ bí ó ṣe ń rí lára. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n dúró ti ẹni tó bá gbóná jù nínú ẹgbẹ́ alátakò. Nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, mo há ọmọkùnrin kan mọ́ débi pé bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ni ó rí jù wọlé. Ọjọ́ àṣekágbá nìkan ni àwọn tó fẹ́ mú agbábọ́ọ̀lù tó dára jù wá jókòó, ọ̀rẹ́ mi tó ju bọ́ọ̀lù wọlé jù lọ́jọ́ náà ni wọ́n sì fún, orúkọ tèmi kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí wọ́n pè. Mo sunkún délé. Ìyá mi gbé aṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìkòkò aró hàn mí, ó ní gbogbo oníbàárà ló máa ń sọ pé aró náà mà dú o, pé aláró yìí mọṣẹ́, kò sì sí ẹni tó bi í rí pé ta ló jókòó fi ìko di ibi tó funfun yẹn kí aró má baà wọ̀ ọ́. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Èmi ni mo ń ráhùn, mo sì ń ráhùn títí di òní.

Bí ó bá jẹ́ ife nìkan ni, à bá lè gbójú fò ó. Àmọ́ owó wà nídìí ìbò yìí. Ní 2021, Jayson Tatum kò rí ìbò tó láti wọ inú àwọn agbábọ́ọ̀lù 15 tó dára jù ní sáà, tí wọ́n ń pín sí ẹgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n sì ń pè ní All-NBA, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sì fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là dín kù, nítorí òfin wọn so owó oṣù mọ́ ìbò àwọn akọ̀ròyìn. Ní 2022, Joel Embiid tó wá láti Kamẹrúùnù ló gba póìntì wọlé jù nínú gbogbo NBA, òun ló sì ṣe ipò kejì nínú ìbò MVP, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n fi í sí nínú All-NBA nítorí pé ipò kan náà lórí pápá ni òun àti Jokic ń gbá, ẹnì kan ṣoṣo sì ni òfin gbà fún ipò náà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ti yí òfin nípa ipò náà padà láti sáà 2023 sí 2024, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n wọn kò padà lọ tún ti ẹ̀yìn ṣe.

Lánàá, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ìyá mi tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n ka ìbò ọdún 2025 sí òun létí. NBA máa ń gbé ìwé ìbò kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà ó ṣeé kà. Mo sọ fún un pé akọ̀ròyìn 71 fi Shai Gilgeous-Alexander sí ipò kìíní, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú eré 68, n kò sì lè sọ pé wọ́n ṣì í fún. Mo ní 29 fi Jokic síbẹ̀. Ìyá mi ti ń tajà fún ogójì ọdún, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣírò.

Ó ní, "Ìyẹn ti pé ọgọ́rùn-ún. Èwo wá ni ti ọmọ Adétòkunbọ̀?"

Mo ní, "Kò sí, Màámi."

Ó ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo?"

Mo ní kò sí. Ó ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà.