“Ní” Kan, Atọ́kùn Mẹ́ta: Ìdí Tí “in”, “on” àti “at” Fi Ń Gbé Wa Ṣubú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí kan sọ ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo tún kọ síbí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo ti yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ẹ̀.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó.

Ṣé ẹ ti rí eégún tó dá jáde láìsí atọ́kùn rí? Aṣọ ti bo eégún lójú. Atọ́kùn ló ń bá a ríran, òun ló ń sọ ibi tó máa yà sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ẹni tó kọ́kọ́ pe “ní”, “sí” àti “láti” ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “preposition”, mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n, wọn ò wọ aṣọ aláràbarà, àmọ́ bí wọn ò bá sí níbẹ̀, eégún á já wọ ilé onílé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú yìí. Àṣìṣe tí báírò pupa mi ń bá pàdé jù kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ọmọ á kọ “magnificent” láìṣì rárá, á wá kọ “on” síbi tó yẹ kó kọ “in”. Ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wá lónìí, torí bí a ò bá mọ ìdí ẹ̀, àkọ́sórí la ó kàn máa kọ́ kiri.

Ẹ gbọ́ mẹ́ta yìí: mo dé ní aago méje, mo dé ní ọjọ́ Ajé, mo dé ní oṣù Ẹrẹ́nà. “Ní” kan náà ló ru ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. “At seven”, “on Monday”, “in March” ni wọ́n ń sọ. Àwa tí “ní” kan ti tọ́ dàgbà, ibo la ti fẹ́ mọ̀ pé atọ́kùn mẹ́ta ló yẹ ká bẹ̀ níṣẹ́?

Ẹ má rò pé èdè wa ló tòṣì o. “Ní” kàn ń sọ pé ibẹ̀ ni nǹkan wà ni. Bí ibẹ̀ ṣe rí, ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ́. “Ìwé wà lórí tábìlì”: “ní” pẹ̀lú “orí” ni, nítorí “ní” máa ń di “l” bí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e kì í bá ṣe “i”. Ẹ wá wo ibi tí a ti rí àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn: orí, inú, ẹ̀yìn, ojú, ẹnu, ẹsẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, lójú pópó, lẹ́yìn ilé, lẹ́sẹ̀ òkè. Ara èèyàn la fi ń ṣe àpèjúwe ayé! Èmi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ nínú gírámà kankan. Ní ti ìrìn, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń gbé e: a wọlé, a jáde, a gùn, a sọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ń pín ẹrù náà gbé lọ́dọ̀ wa. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ bíńtín kan ṣoṣo ló rù ú: “on” ni “ní”, òun náà ni “orí”.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ “enter inside the house”. Ẹnu wa ń wá “sínú”, kò mọ̀ pé “enter” ti gbé e pọ̀ mọ́ra.

Bí ó bá ń tì yín lójú, ẹ gbọ́ èyí. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ní ohun tó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, “on” ni àwọn tó pọ̀ nínú wọn ń lò fún “in” àti “on” pọ̀. Àwọn náà ti fi atọ́kùn kan tọ́ eégún méjì rí. “With” tí a mọ̀ sí “pẹ̀lú” pàápàá, “lòdì sí” ló túmọ̀ sí láyé ọjọ́un. Àpá ẹ̀ ṣì kù nínú “fight with”. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọgbọ́n orí ló yẹ kó fi yé èèyàn. Àṣà ni.

Ṣùgbọ́n àṣà náà ní ìlànà díẹ̀, Ìbàdàn wa yìí la ó sì fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá ń wo ibì kan bí ojú àmì lásán, ibi ìpàdé, “at” ni: “at Mokola roundabout”. Bí ẹ bá ń wò ó bí ìlà tàbí ojú nǹkan tí èèyàn ń tẹ̀, “on” ni: “on Queen Elizabeth Road”. Bí ó bá ní ààlà tó yí yín ká, “in” ni: “in Bodija”, “in Ibadan”. Ibì kan náà lè gba méjì, bí ẹ bá ṣe ń wò ó ni. “Meet me at Bodija Market” ń sọ ibi tí a ó ti ríra. “I got lost in Bodija Market” ń sọ pé ọjà ti gbé mi mì, àárín àwọn oníata ni mo wà, mi ò mọ ọ̀nà àbájáde.

Ọkọ̀ ńkọ́? Inú Micra, takisí kékeré tó gbé yín wá síbí, “in” ni, èèyàn “get into” ẹ̀, á sì “get out of” ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó láti ọdún 2021, “on” ni, ẹ “get on”, ẹ “get off”. Bọ́ọ̀sì àti bàálù náà ń bá ọkọ̀ ojú irin rìn. Bí ẹ bá lè dìde dúró kí ẹ rìn nínú ẹ̀, “on” ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó lè dìde dúró nínú dáńfó. Mo mọ̀. Bọ́ọ̀sì ṣáà ni wọ́n ń pè é.

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ ará Ìlú Ọba: “I am in hospital.” Ìyá rẹ̀ àgbà ló lọ kí ní UCH. Ọ̀gá dá a lóhùn pé kó lọ sinmi, ó fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, ó tún ń gbàdúrà fún un. “In hospital” lẹ́nu àwọn ni pé orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn lo wà. “At the hospital” ni ti ẹni tó lọ kíni. Yorùbá ò pín in bẹ́ẹ̀, “ó wà ní ọsibítù” ni a ó sọ, ẹni tó gbọ́ á ní, “Háà, kí ló ṣe é?”

Èmi náà ti fara gbá nínú ẹ̀. Lọ́dún kan, mo ń wá iṣẹ́ ìtumọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn kan lókè òkun. Wọ́n ní kí n fi ìwé mi ránṣẹ́ “by noon on Friday”. Etí Ìbàdàn ni mo fi gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ wa, “the party is by two” túmọ̀ sí pé aago méjì ni, tàbí ẹ̀yìn aago méjì díẹ̀, ẹ ṣáà mọ bí òde wa ṣe ń rí. Mo fi ìwé ránṣẹ́ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti tilẹ̀kùn. “By noon” ní tiwọn ni pé kí aago méjìlá tó lù, kó ti dé. Bó bá ti dé láti ọjọ́ Ajé tó ṣáájú pàápàá, kò yá jù. “At noon” ni aago méjìlá gangan. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi, ó sì dùn mí títí di òní.

Àwọn kan tún wà tí a máa ń fi atọ́kùn fún nígbà tí wọn ò fẹ́. A jíròrò lórí ọ̀rọ̀, a wá ń sọ “discuss on”. A béèrè fún owó, ó di “request for”. A tẹnu mọ́ nǹkan, ó di “emphasise on”. Bẹ́ẹ̀, “discuss the matter”, “request money”, “emphasise the point” ló yẹ, gbọrọ ló ń lọ. Ohun tó ń da orí rú ni pé bí wọ́n bá di ọ̀rọ̀ orúkọ, atọ́kùn á padà: “a discussion on”, “a request for”, “emphasis on”. “Láti” náà ń tàn wá. “Láti ọdún 2015” àti “láti ọdún mẹ́wàá” ń jáde lẹ́nu wa bákan náà, àmọ́ “since 2015” ni, “for ten years” sì ni.

Ìbéèrè 60 ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì JAMB, àwọn òbí sì ń ra ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n to “preposition” sí bí orúkọ oníbàárà. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má kọ́ atọ́kùn láìsí eégún rẹ̀. Kọ “afraid of the dark” odindi, “depend on my mother” odindi, “married to a tailor” odindi, kó o sì kà á sókè títí ẹnu á fi mọ̀ ọ́n. Ibi tí àwọn elédè fúnra wọn ti ń bára wọn jà, ẹ yan ọ̀kan: ará Ìlú Ọba ń sọ “at the weekend”, ará Amẹ́ríkà “on the weekend”. Kò sẹ́ni tó máa gba máàkì lọ́wọ́ yín.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági nawọ́. Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé ó burú kí n sọ pé “I bought it from her hand”? Ọwọ́ ẹ̀ náà ṣáà ni mo ti rà á.” Mo ní láàárín ara wa, Màmá, kò burú, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ oníbàárà tó wà ní Kánádà ni, “from her” ti tó, kó má baà rò pé ọwọ́ ló ń dá tajà.

Mo wá ní kí oníkálukú fi gbólóhùn mẹ́ta sọ bó ṣe dé ibi ìpàdé. Màmá Gbági ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n gbé ìwé sókè: “I live in Bashorun. I got on a bus at Iwo Road. I got off at Mokola.” A pàtẹ́wọ́. Ọmọdékùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, “Màmá, Micra lẹ bá wá o, mo rí yín!”

Màmá wo ìwé ọwọ́ wọn, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n mú báírò. “Ó dáa,” wọ́n ní, “mo “got out of” ẹ̀ nígbà náà. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?”