Fíréèmù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó sán: bí mo ṣe ń dá a mọ̀ àti bí mo ṣe ń tún un ṣe

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti ń bèèrè fídíò yìí tipẹ́, ó yá, fíréèmù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tó sán ló wà lórí bẹ́ǹṣì yìí. Ìjerò ni wọ́n ti gbé e wá bá mi ní Adó níbí, wọ́n ní ó já sí kòtò. Mo ti tú táyà, mọ́gáàdì àti ṣéènì, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn ṣe.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan sánpépà! Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo ẹ̀. Ẹlòmíì á rí ìpẹtà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, á ha nọ́ńbà ara ẹ̀ dànù, ẹ ò wá mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́. Kẹrosíìnì àti àkísà ni. Ẹ nu ibi tí ìjókòó ti wọnú páìpù, ẹ nu abẹ́ ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí… ẹ rí i, nọ́ńbà ti yọ. Àmọ́ nọ́ńbà nìkan ò sọ ọdún fún yín. Báàjì iwájú ti já, kò burú, ẹ wo orí fọ́ọ̀kì tó di táyà iwájú mú, ó ní orí roboto méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Raleigh nìyẹn, ti Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kódà kí wọ́n kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mẹwàá màá dá a mọ̀. Ẹ wá wo họ́ọ̀bù, irin àárín táyà ẹ̀yìn, wọ́n kọ ọ́ sí i lára: Sturmey-Archer (ilé-iṣẹ́ tó ṣe é), AW (irú họ́ọ̀bù tó jẹ́, oníjíà mẹ́ta), 58, 4. Ọdún 1958, oṣù kẹrin, bí wọn ò bá ti pààrọ̀ họ́ọ̀bù o.

Ẹni tó ń bèèrè bóyá tiẹ̀ jẹ́ Reynolds 531, ìyẹn irú páìpù irin kan tí wọ́n fi ń ṣe fíréèmù, tó bá ti jẹ́ èyí tí ọ̀pá irin ń fa bíréèkì ẹ̀, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń gbé kòkó gun òkè Èkìtì, rárá. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni 531 wà fún, láti 1935, páìpù ẹ̀ fẹ́lẹ́, àárín ẹ̀ ò tó mílímítà kan.

Ó yá, ibi tó bàjẹ́. Ẹ fi ìka ra abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, ibẹ̀ ni irin ti máa ń ká jọ bíi kókó tí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò. Eléyìí ò ká, fọ́ọ̀kì ló tẹ̀ sẹ́yìn, àti pé ó sán níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí táyà ẹ̀yìn ń jókòó.

Okùn mi dà? Òun ni mo fẹ́ràn jù! Ẹ so ó mọ́ ibi táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ẹ gbé e yí ọrùn iwájú ká, kí ẹ fà á le padà sí apá ọ̀tún. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín okùn àti páìpù ìjókòó lọ́tùn-ún lósì. Bí tòsì bá fẹ̀ jù, ẹ̀yìn ti tẹ̀ sósì nìyẹn. Ẹ rọra fi ọwọ́ tì í padà, díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wọ̀n ọ́n. Irin gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má dán an wò lára àlùmíníọ̀mù.

Ibi tó sán, ẹ lu ihò kékeré sí ìparí ẹ̀ kó má bàa sán lọ síwájú, ẹ ha ọ̀dà àyíká ẹ̀ kó dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún wẹ́dà oníná mànàmáná! Ó máa jó páìpù náà lu. Gáàsì ni, pẹ̀lú bóráàsì (ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí idẹ ṣàn dáadáa) àti ọ̀pá idẹ. Idẹ ń yọ́ ní nǹkan bí 900 sẹ́ńtígíréèdì, irin ò tíì yọ́ níbẹ̀, idẹ á kàn ṣàn wọlé bí òróró. Ẹ má da omi sí i, kó tutù fúnra ẹ̀. Tó bá tutù tán, okùn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí iná máa ń fa fíréèmù.

Tí ẹ bá ń tú ife irin tó wà níbi tí pẹ́dàlì ti ń yí, kì í ṣe pẹ́dàlì fúnra ẹ̀ o, ti apá ọ̀tún ń tú síbi tí àwọn yòókù ti ń le. Eyín tí wọ́n fi ń yí ife Raleigh wọlé sì jẹ́ 26 nínú ínǹṣì kan, tí ọ̀pọ̀ yòókù jẹ́ 24, ẹ má fi tipátipá ki tẹlòmíì sí i. Ti fọ́ọ̀kì di fídíò míì, onígáàsì ti ń pè mí.