Fútírẹ́ẹ̀sì tuntun lára power bike: bíréèkì ẹ̀yìn lẹ fẹ́ tú yẹn

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún power bike yìí. Ṣé ẹ rí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bóòtì méjì dè mọ́ férémù? Òun ni fútírẹ́ẹ̀sì, ibi tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé, so mọ́. Òun náà ni pẹ́dà bíréèkì ẹ̀yìn so mọ́. Tí ẹ bá sì yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ óò rí màsítà bíréèkì, èyí tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí kálípà, ohun tó ń fi páàdì fún dísíìkì tó ń bá táyà yí. Irin kan náà ló gbé gbogbo wọn dání. Ẹni tó bá ra fútírẹ́ẹ̀sì tuntun, iṣẹ́ bíréèkì ló fẹ́ ṣe, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ò rí báyìí lára Boxer tó ń kó èrò kiri títì wa. Dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì ẹ̀yìn tiẹ̀, irin gbọọrọ ló ń fà á, kò sí ọ́ìlì níbẹ̀ rárá. Mẹkáníìkì tó mọ Boxer bí ẹní mowó lè má tíì fọwọ́ kan bíréèkì ẹ̀yìn olóìlì rí. Tí ẹ bá gbé iṣẹ́ yìí fún un, ẹ dúró tì í.

Àwọn kan ń pààrọ̀ fútírẹ́ẹ̀sì torí pé alùpùpù ṣubú, ti àtilẹ̀wá kán, ojúlówó rẹ̀ sì wọ́n. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn lọ sẹ́yìn, kó sì ga díẹ̀, kó má baà máa ha ilẹ̀ tí wọ́n bá dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà. Méjèèjì ló dáa.

Ẹ gbé alùpùpù sórí sítáǹdì ẹ̀yìn, kó dúró ṣánṣán. Ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi gíyà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Kí ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ọ̀pá gíyà: tẹ́ẹ̀dì (ìlà tí nọ́tì ń bá yí) orí kan nínú orí rẹ̀ méjèèjì sábà máa ń jẹ́ tẹ́ẹ̀dì òdì, ọwọ́ òsì lẹ máa yí nọ́tì ibẹ̀ sí kó tó fún. Ẹ tún un ṣe títí ọ̀pá náà àti apá kékeré tó wọ inú ẹ̀ńjìnnì á fi dúró ní igun 90°. Tó bá dagun ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíyà á máa lọ́ra láti wọlé.

Ó yá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ má tíì tú rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí kálípà o. Ẹ yọ píìnì tó so pẹ́dà mọ́ màsítà, ẹ yọ bóòtì méjèèjì tó di màsítà mú, kí ẹ wá fi okùn so ó rọ̀ sára férémù, kí ìwúwo rẹ̀ má baà wà lórí rọ́bà. Lára àwọn alùpùpù kan, sàléńsà náà so mọ́ irin yìí, ẹ wá nǹkan tì í lábẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń de tuntun, ẹ rántí pé alumíníọ̀mù ni férémù ọ̀pọ̀ power bike, tẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ rọ̀ ju bóòtì lọ. Ẹ fi torque wrench, sípánà tó ń wọn bí bóòtì ṣe fún tó, dè é dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé alùpùpù yín. Ẹni tó ń fi agbára ejìká dè é á ba tẹ́ẹ̀dì jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ la dé yìí. Ọ̀pá kékeré kan wà láàárín pẹ́dà àti písítìnì inú màsítà. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, písítìnì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn tán pátápátá. Ìgbà tó bá padà tán ni ihò tín-ín-rín kan tó ń ṣí, ihò yẹn ni ọ́ìlì ń gbà padà sínú ike rẹ̀, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì bíréèkì sí. Pẹ́dà tuntun lè rẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fa ọ̀pá yẹn gùn kí pẹ́dà lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Písítìnì ò ní lè padà tán mọ́, ihò á dí. Tẹ́ ẹ bá gùn ún jáde, ẹ ò ní kọ́kọ́ mọ nǹkan kan. Páàdì á máa ha dísíìkì díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì á gbóná, tó bá sì gbóná, á wú. Nígbà tí kò rí ọ̀nà padà sínú ike, páàdì náà ló máa tì. Páàdì á fún dísíìkì sí i, ooru á pọ̀ sí i, títí táyà ẹ̀yìn á fi gan lórí eré. Ẹ ro irú eré tí wọ́n ń sá lórí Third Mainland láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí táyà wá gan níbẹ̀.

Torí náà, bóòtì ìdádúró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà ni kí ẹ fi ṣe gíga rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Ẹ fi ìka tẹ pẹ́dà wẹ́rẹ́: ó gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ kó tó kan písítìnì. Tí kò bá mì rárá, ẹ dín ọ̀pá kù.

Tó bá jẹ́ pé rọ́bà gùn tó, tí ẹ kò sì tú u, ẹ lè má nílò láti fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì rárá. Ohun tó sábà ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni súwíìsì iná bíréèkì. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, súpíríǹgì kékeré kan ló so súwíìsì náà mọ́ pẹ́dà, fútírẹ́ẹ̀sì tuntun míì kì í sì í ní ibi tí a lè so ó mọ́. Ẹ má gùn ún jáde láìsí iná bíréèkì, ẹ jọ̀ọ́. Dánfó tó wà lẹ́yìn yín ò ní mọ̀ pé ẹ ti ń dúró. Bóòtì kan wà lọ́jà tó ní súwíìsì nínú, òun lẹ máa fi rọ́pò bóòtì tó so rọ́bà mọ́ màsítà. Ẹ fi wọ́ṣà bàbà tuntun méjì sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ orí rọ́bà. Ẹ ò gbọdọ̀ dá ti àtijọ́ padà.

Tí ẹ bá ti tú bóòtì rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fà á jáde. Ọ́ìlì kì í sún kì, afẹ́fẹ́ ń sún kì. Ìdí nìyẹn tí pẹ́dà fi máa ń rọ̀ bíi fóòmù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ọmọrí ike. Lára ọ̀pọ̀ power bike, irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4 ni. Tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, tó bá sì ti fà á tó, ó lè hó ní nǹkan bíi 155°C. Ìgò tí wọ́n ti ṣí láti ọdún tó kọjá, nínú ọ̀rinrin Èkó, ẹ má lò ó. Ẹ má da DOT 5 pọ̀ mọ́ ọn, sílíkóònù nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rọ ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì sí i, ó ń ba rọ́bà inú màsítà àti kálípà jẹ́. Tí ọ́ìlì bíréèkì bá ta sára ọ̀dà alùpùpù, ẹ tètè fi omi ṣàn án.

Ẹ kọ́kọ́ fi sípánà sí orí nípù kálípà, bóòtì kékeré tí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ẹ wá ki rọ́bà tó mọ́ gaara bọ̀ ọ́, kí orí kejì wà nínú ìgò tó ní ọ́ìlì díẹ̀. Ẹ tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀, ẹ tú nípù díẹ̀, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á jáde, ẹ dì í padà, lẹ́yìn náà kí ẹ tó jẹ́ kí pẹ́dà gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe títí kò fi ní sí ìfóòfó mọ́. Ike ẹ̀yìn kéré gan-an. Ẹ máa bu kún un kó má tán, torí tó bá tán, afẹ́fẹ́ tún ti wọlé.

Tí pẹ́dà bá ṣì rọ̀, ẹ wo ibi tí nípù wà. Afẹ́fẹ́ òkè ló ń lọ. Tí nípù kò bá sí ní òkè kálípà, ẹ tú kálípà kúrò, ẹ fi igi pẹlẹbẹ há àárín páàdì kí písítìnì inú kálípà má baà jáde, ẹ gbé e sókè kí nípù kọjú sí òkè, kí ẹ tún fà á.

Ẹ fi ọmọrí ike dé. Ẹ tẹ pẹ́dà dáadáa, ẹ gbẹ́sẹ̀, kí ẹ fọwọ́ yí táyà: ó gbọ́dọ̀ yí wọ́rọ́wọ́. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn wo iná bíréèkì. Ẹ wá gùn ún jẹ́jẹ́ ládùúgbò, níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ fi torque wrench kan àwọn bóòtì wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu orí bóòtì rọ́bà náà, kí ẹ wo aṣọ yẹn bóyá ọ́ìlì kan án.