Kẹ́rù má di kọ́kọ́rọ̀ ìlẹ̀kùn ọmọ wa

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. A dúpẹ́ pé a jí ire. Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ní òun fẹ́ jápa ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, àti ẹ̀yin ọmọ náà, torí mo mọ̀ pé ilé pọ̀ tí wọn ò kíra wọn dáadáa látàná nítorí ọ̀rọ̀ físà.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 42 àti 43. Ìyàn mú ní Kénáánì, ọkà wà ní Íjíbítì, Jákọ́bù rán ọmọ mẹ́wàá lọ rà á, àmọ́ ó ní Bẹ́ńjámínì ò ní bá wọn lọ, kí nǹkan má lọ ṣe é lọ́nà. Ẹ má bú bàbá yẹn o, Jósẹ́fù tó rán níṣẹ́ lọ́jọ́sí ò padà wálé, ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n gbé wá bá a. Ẹni tí ejò ti ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. (Tí mo bá dé orí 46, mo máa ń rẹ́rìn-ín ṣá: Bẹ́ńjámínì tí wọ́n ń pè lọ́mọdé yìí, ọmọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n kà fún un níbẹ̀!)

Màmá tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ní òun máa mú àbúrò mi lọ sí Lẹ́bánónì, iṣẹ́ ilé, owó dọ́là, kò ní san kọ́bọ̀, kó ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí màmá mi ṣe gbọ́, wọ́n ki pásípọ́ọ̀tù ọmọ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, láàárín aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn pẹ̀lú káńfọ̀, wọ́n so kọ́kọ́rọ̀ mọ́ ìdí ìró. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ni wọn ò fẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́ sí? Ọjọ́ mẹ́ta ni àbúrò mi fi sunkún. Ìgbà tó yá la wá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kafala, pé ọ̀gá tó gbà ẹ́ wọlé ló dà bí ẹni tó ni ẹ́, o ò lè fi í sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló padà dúpẹ́.

Ṣé ẹ wá rí i, nígbà tí ọmọ yìí kan náà rí ádímíṣọ̀n gbà ní Kánádà, màmá ò tún gbà. Ẹ̀rù tó gbà wá lẹ́ẹ̀kíní ló fẹ́ dí wa lọ́nà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Jákọ́bù. Ọkà tí wọ́n rà tán, alákòóso tó ń tà á ní Íjíbítì sì ti ní kí wọ́n má padà wá láìmú Bẹ́ńjámínì dání. Kí ló yí Jákọ́bù lọ́kàn padà? Rúbẹ́nì ti kọ́kọ́ ní tóun ò bá mú un padà wá, kó pa ọmọ òun méjì. Ẹ gbà mí, kí ni bàbá àgbà fẹ́ fi òkú ọmọ-ọmọ ṣe? Ìbúra àwọn éjẹ́ńtì nìyẹn. Júdà ló wá sọ̀rọ̀ tó wọlé: ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ ti béèrè ẹ̀. Bàbá sì gbà, àmọ́ kò kàn ní kí wọ́n máa lọ, ó ní kí wọ́n di oyin díẹ̀, kí wọ́n mú owó ìlọ́po méjì, kí wọ́n dá owó ọkà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá nínú àpò wọn padà torí ó lè jẹ́ àṣìṣe, ìgbà yẹn ló tó fi wọ́n lé Ọlọ́run Olódùmarè lọ́wọ́.

Ohun táwa náà ṣe nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì màmá la jókòó sí, a yẹ orúkọ ilé ìwé wò nínú lísìtì tí ìjọba Kánádà fúnra ẹ̀ gbé jáde, a ṣírò owó, a pe ẹni tó máa wá gbé e ní ẹ́ápọ́ọ̀tù, màmá bá a sọ̀rọ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Wọ́n wá tú kọ́kọ́rọ̀ nídìí ìró. Pásípọ́ọ̀tù yẹn rùn káńfọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gba físà.

Ẹ̀yin ọmọ, ìbéèrè kọ́ ni ọ̀tá yín. Ẹni tó bá fẹ́ gba aṣálẹ̀ Agadez ní Niger lọ sí Líbíà, kó má retí kí ìyá ẹ̀ sọ pé ó dáa. Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí pé Íjíbítì tí Jákọ́bù ń bẹ̀rù yẹn, ibẹ̀ ni Jósẹ́fù tó ń sunkún ẹ̀ wà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ fi dọ́là tan ọmọ wa jáde nílé, tú u fó kí wọ́n tó dé bọ́dà, lórúkọ Jésù.

Olúwa, ẹ̀rù ẹni tó lọ tí ò dé tó ṣì wà lọ́kàn mi, wò mí sàn, má jẹ̀ẹ́ kí n fi ti ọmọ mi mọ́lé.

Fún ọmọ wa ní Júdà nílẹ̀ àjèjì, ẹni tó máa dúró dè é nínú òtútù, tó máa sòótọ́ fún un, tí ò ní jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rẹ́.

Olúwa, ìyá tó ń wo WhatsApp láàárọ̀ yìí, tó jẹ́ máàkì kan ṣoṣo ló ń rí lára mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ̀ látìjẹta, jẹ́ kó di méjì kílẹ̀ tó ṣú. Àmín.