Ọjọ́ 14: Onímọ̀ Fìlọ́sọ́fì Nídìí Òfin Ìlera

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti fìlọ́sọ́fì. Mo tún un kọ díẹ̀ kí ó lè ṣe é kà.)

Ẹ kú ìjókòó o. Bí mo ṣe ń wọlé bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí wọ́n bá kó ìgbìmọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ ìlera, mo mọ ohun tí dókítà wá ṣe níbẹ̀, mo mọ ti agbẹjọ́rò, mo mọ ti ẹni tó ń ṣírò owó. Onífìlọ́sọ́fì ńkọ́? Kí ló gbé e débẹ̀?" Mo ní kó lọ jókòó, pé ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni mo wá bá fínra.

Ìtàn iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni n ó fi dá a lóhùn. Mary Warnock lorúkọ rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ní fìlọ́sọ́fì. Nọ́ńbà kan ti inú ìgbìmọ̀ rẹ̀ jáde tó wọ inú òfin Ìlú Ọba, tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì yá lò. Nọ́ńbà náà ni 14.

Ẹ jẹ́ ká sáré gba inú ìgbésí ayé rẹ̀ kọjá. Winchester ni wọ́n ti bí i ní 1924, òun sì ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ 7. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ti kú kí ó tó dé ayé. Ó kàwé ní Lady Margaret Hall ní Oxford. Ní 1949 ó fẹ́ Geoffrey Warnock, onífìlọ́sọ́fì bíi tirẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ 5. Láti ọdún yẹn títí di 1966, St Hugh's College ni ó ti ń kọ́ni. Ó kọ̀wé lórí ìmọ̀ ìwà híhù, ó sì kọ̀wé lórí Sartre, onífìlọ́sọ́fì ọmọ Faransé. Bí ẹ bá bi mí, àwọn ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, a kò ní jókòó síbí lónìí láti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní 1966 ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó lọ di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan, Oxford High School, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 6. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ sábà máa ń fo ibí yìí. Èmi rò pé ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nínú kíláàsì fìlọ́sọ́fì, ènìyàn lè jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí gbogbo yín dìde, kí ẹ sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òbí méjì tí kò fojú rinjú nípa ìjìyà ọmọ kan kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ jálẹ̀ sí, àwọn òbí méjèèjì yóò sì tún pàdé lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti 1974 sí 1978, ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó yẹ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe wò, òfin ẹ̀kọ́ ti 1981 sì tinú rẹ̀ wá. Ìjọba ti rí i báyìí pé obìnrin yìí lè kó àwọn tí kò gbọ́ra wọn yé sí yàrá kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kan náà kí wọ́n tó jáde.

Ní ọdún 1978 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, wọ́n bí Louise Brown ní Oldham. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí ẹyin ìyá rẹ̀ àti àtọ̀ bàbá rẹ̀ pàdé nínú láàbù. Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy ló ṣiṣẹ́ náà. "Ọmọ inú ìgò" ni àwọn oníròyìn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo pẹlẹbẹ ni, ìgò kankan kò sí níbẹ̀. Ayọ̀ ńlá ni fún àwọn tọkọtaya tó ti ń wá ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn mìíràn ń wo ọ̀rọ̀ náà tìfuratìfura, wọ́n sì nídìí. Dókítà lè fa ẹyin mélòó kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọlẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn ẹyin tí àtọ̀ ti bá tó sì ti ń dàgbà, bá wà nínú àwo, tí ìyá gba ẹyọ kan tàbí méjì, kí ni a ó ṣe sí èyí tó kù? Ká dà á nù ni? Ká gbé e sínú yìnyín ni? Ṣé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fi ṣe ìwádìí? Ta ló ni ín bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀? Òfin kan kò tíì ronú kan ìbéèrè wọ̀nyí. Ní 1982 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 dìde, wọ́n sì fi Warnock ṣe alága.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ ni pé: ìgbà wo ni ẹ̀mí bẹ̀rẹ̀? Ó dà bí ìbéèrè tí onísáyẹ́ǹsì lè fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò, kó sì dáhùn. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin wà láàyè kí àtọ̀ tó bá a, àtọ̀ náà wà láàyè, ẹnikẹ́ni kì í sì í sin wọ́n tí wọ́n bá kú. Àwọn kan wá yí i padà, wọ́n ní: ó dáa, ìgbà wo ló di ènìyàn? Èdè tiwa gan-an lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí a bá sọ pé "lágbájá kì í ṣe èèyàn", a mọ̀ pé ó ní orí, ó ní ẹsẹ̀. Ìwà rẹ̀ là ń sọ, àti ohun tó tọ́ sí i lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà "èèyàn" ti gbé ìdájọ́ pọ̀n sẹ́yìn kó tó jáde lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ 3 jẹ́ ènìyàn, àti ẹni tó ní kì í ṣe ènìyàn, àwọn méjèèjì ti ṣèdájọ́ tán. Wọ́n kàn ń pe ìdájọ́ wọn ní òótọ́ tí wọ́n rí ni.

Ìgbìmọ̀ Warnock gbé ìbéèrè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wọn kedere pé àwọn ń lọ tààrà sórí èyí: báwo ló ṣe tọ́ ká máa ṣe sí ọlẹ̀? Ó lè dà bí ẹ̀tàn lójú yín. Ó dà bẹ́ẹ̀ lójú tèmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìdáhùn méjì péré, ènìyàn ni tàbí kì í ṣe ènìyàn, àwọn tó wà ní ìhà méjèèjì kò sì ní ibi tí wọ́n lè pàdé. Ìbéèrè kejì ní àyè láàárín. Ó ṣeé ṣe ká sọ pé ọlẹ̀ kò tíì dọ́gba pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún lórí ẹní, síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè ṣe bó bá ṣe wù wá.

Ẹni tó bá wá gbà pé àyè wà láàárín gbọ́dọ̀ fi nǹkan sàmì sí i. Anne McLaren, onímọ̀ nípa bí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà, wà nínú ìgbìmọ̀ náà, òun ló sì là á yé wọn. Ní nǹkan bí ọjọ́ 15 lẹ́yìn tí ẹyin àti àtọ̀ bá pàdé, ìlà tín-ín-rín kan máa ń yọ lára ọlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ara ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí àti ìdí, ọ̀tún àti òsì. Kí ìlà náà tó yọ, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì lè pín sí méjì kó di ìbejì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò sì di ibi ọmọ àti àwọn nǹkan mìíràn tí kì í ṣe ọmọ fúnra rẹ̀. Kò tíì sí ẹnì kan pàtó tí a lè nawọ́ sí. Kò sì tíì ní iṣan tí yóò fi mọ ìrora.

Ìgbìmọ̀ ì bá ti sọ pé "kí ẹ dúró nígbà tí ìlà bá yọ". Warnock fẹ́ iye ọjọ́: kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú ọlẹ̀ nínú láàbù kọjá ọjọ́ 14. Ẹni méjì lè máa bá ara wọn jiyàn lórí bóyá ìlà ti yọ tàbí kò tíì yọ, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló lè ka ọjọ́ 14. Ẹ rántí pèrègún tí wọ́n máa ń gbìn sí ààlà oko: erùpẹ̀ tó wà lápá ìhín kò yàtọ̀ sí ti apá ọ̀hún, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ó yàtọ̀. Síbẹ̀ a gbìn ín, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ìjábọ̀ náà jáde ní oṣù Keje 1984. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Àwọn 3 kò fẹ́ ìwádìí lórí ọlẹ̀ rárá. Àwọn 4 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ọlẹ̀ sílẹ̀ torí ìwádìí nìkan. Àwọn 2 rò pé ìgbìmọ̀ le jù lórí ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń gbé oyún fún tọkọtaya mìíràn. Wọ́n tẹ àtakò gbogbo wọn sẹ́yìn ìjábọ̀ kan náà, èmi sì fẹ́ràn ìyẹn.

Àwọn onífìlọ́sọ́fì ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an kò dá a sí. R. M. Hare, àgbà nínú ìmọ̀ ìwà híhù ní Oxford, rí i pé ìjábọ̀ náà fi ìmọ̀lára àwọn ènìyàn sí ibi tó yẹ kí ìdí wà. Lójú Hare, kí ẹ wo àbájáde, kí ẹ wo ire àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ẹ sì tẹ̀ lé e débi tó bá gbé yín dé. Warnock mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, ó sì kọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ David Hume, onífìlọ́sọ́fì ọmọ Scotland ayé àtijọ́, ni ó ti mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ọgbọ́n orí nìkan kì í sún ènìyàn ṣe nǹkan, ohun tó ń kó wa nírìíra jẹ́ ara ohun tí à ń pè ní ìwà. Ó ní àwùjọ tí kò bá ní ohun kan tí kò jẹ́ ṣe, àwùjọ tí kò ní ẹ̀rí ọkàn ni. Ta ló jàre? Hare jàre níbì kan: ìríra ti mú kí àwọn èèyàn kọ ọ̀pọ̀ ohun rere sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Hare kò ní ẹni 15 tí yóò fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà wá dé ilé aṣòfin. Ní oṣù Kejì 1985, aṣòfin kan, Enoch Powell, gbé àbádòfin kan wá tí ì bá fòpin sí ìwádìí lórí ọlẹ̀ pátápátá. Àwọn 238 dìbò fún un, àwọn 66 kọ̀ ọ́. Àìtó àsìkò nìkan ló pa àbádòfin náà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ Warnock di ọmọ Ilé Aṣòfin Àgbà, ó sì lo àǹfààní rẹ̀ dáadáa. Ọdún 5 ni òun àti àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ fi ń ṣàlàyé fún àwọn aṣòfin, ní ọ̀rọ̀ kan náà, léraléra, ohun tí ọlẹ̀ jẹ́ àti ohun tí ìwádìí lè ṣe fún àwọn tó ń wá ọmọ. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní oṣù Kẹrin 1990, 364 fẹ́ kí ìwádìí máa lọ, 193 kò fẹ́. Ọjọ́ 14 di òfin. Àjọ tó ń fún ilé ìwòsàn àti láàbù ní ìwé àṣẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991.

Ó máa ń yí ọkàn padà ní gbangba, èyí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kì í fẹ́ ṣe. Ní 2005 ó kọ̀wé pé ohun tí ìjábọ̀ òun lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yẹn bí kò dára tó bí òun ṣe rò. Ó tún gbà nígbà tó yá pé ìgbìmọ̀ òun ti le koko jù lórí obìnrin tó ń bá ẹlòmíràn gbé oyún.

N kò ní sọ ọ́ di áńgẹ́lì o. Ní 2008 ó sọ fún ìwé ìròyìn kan pé ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra lọ́jọ́ ogbó ń fi ayé àwọn ẹbí rẹ̀ ṣòfò, ó sì ń fi owó ìlera ìjọba ṣòfò. Àwọn èèyàn fa ìbínú yọ, mo sì bá wọn bínú. Obìnrin tó ti sọ fún Hare pé ìmọ̀lára ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń gbá dànù ló gbá ti àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn dànù lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni 15 níwájú rẹ̀ tí yóò ní, "Alága, ẹ dúró ná."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 kò tíì tán. Ní 1984, kò sí láàbù tó lè tọ́jú ọlẹ̀ débẹ̀, nítorí náà òfin náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní New York àti ní Cambridge tọ́jú ọlẹ̀ dé nǹkan bí ọjọ́ 13, wọ́n sì dúró nítorí òfin àti ìlànà yìí. Warnock ti lé ní ẹni 90 ọdún nígbà náà. Kò fẹ́ kí wọ́n kánjú ṣí ààlà náà kúrò: ó mọ ìjà tí wọ́n jà kí ó tó di òfin. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 2019. Ní 2021, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣèwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara) yọ ọjọ́ 14 kúrò lára ohun tí ìlànà wọn kà léèwọ̀ pátápátá.

Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ tí ọlẹ̀ fi wà nínú yìnyín, ṣé wọ́n ń kà á mọ́ 14 yẹn?" Mo ní rárá. Kíkà dúró bí wọ́n bá ti gbé e wọ yìnyín. Láti 2022, òfin Ìlú Ọba gbà kí ọlẹ̀ wà níbẹ̀ fún ọdún 55, bí àwọn tó ni ín bá ń tún àṣẹ wọn ṣe ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ó bá wọlé ní ọlọ́jọ́ 5, ọlọ́jọ́ 5 náà ni yóò jáde.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Nígbà náà, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Yàrá pariwo ẹ̀rín. Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ láti dá a lóhùn ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.